Ọmọ Rẹ Ní Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Mi Kò Tọ̀nà

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Ayùn Káfíńtà,
                                                  Ojúlé Kẹtàlá, Òpópónà Oníṣẹ́-Ọwọ́,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Òòlù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ ọmọ, títí kan èyí tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń fi òògùn tí wọ́n fún ọ pa á, àbí o ti tún gbé e pamọ́ sábẹ́ ibùsùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ara tiwa le. Ìyá ilé ní kí n kí ọ, ó ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ mí. Ó dáa, mo ti kí ọ. Ìkíni ti tán.

Inú ń bí mi, Òòlù. Ọmọ rẹ ló sì bí mi nínú. Kì í ṣe àkọ́bí rẹ, kì í ṣe èyí tó ń wa ọkọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ ni, tíṣà, èyí tí o mú wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó gbé ilé mi fún ọdún méjì gbáko, tó ń jẹ nínú abọ́ tí èmi náà ń jẹ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà jókòó kí o kà á dópin. Má fún ẹnikẹ́ni kó bá ọ kà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà kí ojú rẹ lè rí i. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé ìwọ náà máa ń pariwo, bí àwa méjèèjì bá sì pariwo pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan.

O mọ ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí àwọn ọmọṣẹ́ mi ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ohun tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fi téèpù wọn pákó tí kò wọ̀n ọ́n re, òun ló máa kọ́kọ́ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Kíláàsì ọmọ rẹ ló wà. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó kó eré kan wálé. Wọ́n á fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́rin, wọ́n á sì sọ iye tí wọ́n fẹ́ kó jáde níbẹ̀. Èèyàn lè rò wọ́n pọ̀, ó lè yọ ọ̀kan nínú òmíràn, ó lè sọ wọ́n di ìlọ́po, ó lè pín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò lo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ ìkankan kù sílẹ̀.

Ìwé kejì ni mo kà dúró, kò pamọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí wọ́n lé mi kúrò ní ilé-ìwé, ìwọ lo bá mi ru pátákó ìkọ̀wé mi délé. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́, kí ni iṣẹ́ káfíńtà bí kò ṣe eré yìí gan-an? Oníbàárà á kó pákó mẹ́rin wá tí gígùn wọn kò dọ́gba, á ní ilẹ̀kùn lòun fẹ́, kò sì ní fẹ́ rí àjẹkù nílẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń ta ayò yẹn, mi ò sì tíì dá ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni padà pé kò jáde.

Nọ́ńbà tí ọmọ yìí kọ́kọ́ gbé wá ni méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, àti márùn-ún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́. Mi ò tilẹ̀ gbé pẹ́ńsù. Mo ní orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ọ, mẹ́ta ló dín nínú ọgbọ̀n. Wá ọgbọ̀n ná. Méjì lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀fà. Ẹ̀fà lọ́nà márùn-ún, ọgbọ̀n. Mẹ́ta kan ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, yọ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ náà lajú sí mi bí ẹni tó rí ẹlẹ́dàá. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ilé-ìwé dé, orí àga gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù la máa ń wà, tí àwa méjèèjì ń ju nọ́ńbà lu ara wa. Mo kọ́ ọ pé kó má máa ti ìsàlẹ̀ gun òkè. Nọ́ńbà tiwa, òkè ló ti ń wo ilẹ̀. Wá ibi tó ga ju ibi tí ò ń lọ, kí o wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń dáhùn kí n tó la ẹnu. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí o, ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Àṣé ìdíje ń bọ̀. Ilé-ìwé mẹ́fà ló fẹ́ pàdé, kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò sì mú ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ míì kò sí lẹ́nu Ọ̀gá Kékeré mọ́. Ó ti fọ bàtà rẹ̀ kalẹ̀, ó ti lọ aṣọ, ó ti ní kí ìyá ilé di irun òun ní ọ̀nà tí kò ní máa bọ́ sójú bí òun bá ń ronú. Ọmọ rẹ wá fún wọn ní ìdánwò láti fi yan ẹni tó máa lọ. Ọ̀gá Kékeré ti ibẹ̀ dé, ó ń fò fẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kọ gbogbo rẹ̀ tán, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n dá ìwé padà. Ọmọ náà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹ̀lé e wọ yàrá. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọmọ aránṣọ tó wà lódìkejì òpópónà wa ni wọ́n mú. Mo gba ìwé náà, mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mi ò lè ka gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè purọ́ fún mi. Òòlù, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ọmọ rẹ fi yíńkì pupa fà, ó yé mi pé ó tọ̀nà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mi gan-an wà níbẹ̀. Ọmọ náà kọ mẹ́ta, ó fa ìlà ìyọkúrò, ó wá kọ méjì lọ́nà mẹ́ta lọ́nà márùn-ún. Mẹ́ta dín nínú ọgbọ̀n. Kí ló burú níbẹ̀?

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe mọ́, mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó di ilé-ìwé. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi, lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní irùngbọ̀n mi, mi ò bìkítà. Ta ló kan òrùlé ilé-ìwé yẹn? Èmi ni. Àga tí ọmọ rẹ fi ń jókòó, tábìlì tó gbé ìwé ọmọ mi lé kó tó fi pupa bà á jẹ́, èmi ni mo kàn án, kò sì tíì mì títí dòní. Àwọn ọmọ ti jókòó nígbà tí mo wọlé. Ọmọ rẹ dìde, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Mo ní kó dìde, kó wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fún mi.

Ó ṣàlàyé. Ó ní nínú ìṣirò, ohun tó wà níwájú ni wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ó ní ohun tí ọmọ yìí kọ ni pé òun ní mẹ́ta lọ́wọ́, òun sì fẹ́ yọ ọgbọ̀n nínú rẹ̀. Mo bi í pé wèrè wo ló máa ní mẹ́ta lọ́wọ́ tó máa fẹ́ yọ ọgbọ̀n nínú rẹ̀. Mo ní bí èmi bá ní pákó mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà wá ní kí n kó ọgbọ̀n jáde, ibo ni n ó ti mú un? Àṣé mo ti gbé ayùn fún un ni, tí mo sì na ọrùn sílẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, pákó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ẹ ò ní yẹn gan-an ni ìdáhùn rẹ̀.”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn. Ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde ná, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rín padà sínú. Ó ní ìsàlẹ̀ òfo ni nọ́ńbà náà wà. Mo ní kí ni nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òfo, ṣé ìpìlẹ̀ ilé ni? Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ohùn mi wá ròkè. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n rọra. Mo ní ìyá, bí òrùlé tó wà lórí yín bá rọra, orí yín ni yóò já lé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín yẹn ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ọmọ rẹ súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá, èyí tí ẹ mọ̀ yẹn, ti ẹnu ni. Kì í ṣe ìṣirò.”

Ti ẹnu ni! Òòlù, ọmọ tí mo fi ìṣó kọ́ ní òǹkà lórí àga iṣẹ́ mi! Ṣé o rántí? Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ń ka ìṣó, ẹnu rẹ̀ já gaara títí ó fi dé mẹ́rìnlá. Bó ṣe dé orí márùndínlógún, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ìṣó ń pọ̀ sí i, kí ló dé tí a ní ó ń dín. Èmi ni mo gbé e lé itan, èmi ni mo sọ fún un pé nọ́ńbà náà ti ń wo ogún lọ́ọ̀ọ́kán ni, bí arìnrìn-àjò tó ti ń rí òrùlé ilé. Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó kà á títí dé ọgọ́rùn-ún. Ẹnu ni mo fi kọ́ ọ nígbà náà, mi ò ní ṣọ́ọ̀kì. Ẹnu yẹn ló dúró lé lórí tí ọwọ́ rẹ̀ fi tó bọ́ọ̀dù tó ń kọ̀wé sí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó yíjú sí Ọ̀gá Kékeré, ó bi í pé ta ló kọ́ ọ kó máa kọ ọ́ báyìí. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, òun ló ṣèèṣì. Mo fi ìbínú jáde. Mi ò ronú sí ìdáhùn yẹn.

Ìyá ilé ló ronú sí i. O mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ ló ṣe ń sọ ọ́. Ó pe ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bi í pé kí ló dé tó fi nọ́ńbà kékeré ṣáájú ńlá. Ọmọ náà ní bí mo ṣe ń sọ ọ́ lòun ṣe ń kọ ọ́. Ó ní mo ní mẹ́ta dín nínú ọgbọ̀n, òun kọ mẹ́ta, òun kọ dín, òun kọ ọgbọ̀n. Ìyá ilé ní kí ló wá dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà.

Ó ní, “Wọ́n ti ń fi Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín ná, màmá.”

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú ìfági, mo ń fá pákó kan títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé. Àwọn ọmọṣẹ́ ń wò mí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, ẹnu mi ni mo rí níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo kọ́ ọ ní irọ́ o, kí o má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn dáadáa ni mo kàn. Ìta ló ń ṣí sí, ògiri tiwọn sì ń fẹ́ èyí tó ń ṣí sínú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti bi wọ́n kí n tó kàn án. Ọmọṣẹ́ tó bá kan ilẹ̀kùn láìbi oníbàárà léèrè, ìgbátí ni mo máa ń fún un. Ta ló wá máa fún èmi ní tèmi?

Lọ́jọ́rú, mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì, mo padà lọ. Mi ò wọlé. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo dúró sí, níwájú àwọn ọmọ tó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò mọ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́.” Òòlù, láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti tú wa sílẹ̀ pé a gba òmìnira, mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú ẹni méjì rí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ ní òun yóò tún ìdánwò ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun àti ọmọ aránṣọ jọ jókòó, ẹni tó bá borí ni yóò lọ, bí wọ́n bá sì dọ́gba, ẹni tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ ló ni í. Mo gbà. Ọmọ aránṣọ kò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ méjì ni Ọ̀gá Kékeré fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Mi ò dá sí i, mo di ẹnu mi mọ́, ìyá ilé ní irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ ilé yìí rí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé wọn títí wọ́n fi ṣe tán. Wọ́n mákì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ aránṣọ gba mẹ́sàn-án, kò kọ nǹkan kan sí ìkẹwàá. Ọ̀gá Kékeré náà gba mẹ́sàn-án, kò sí ìkankan tó kọjú sódì. Ìkẹwàá ló dá ìjà sílẹ̀. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin àti márùn-ún ni wọ́n fún wọn, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n mú jáde. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun rí i lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkókò ti ń tán, ọkàn òun dàrú, òun ò rántí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí ńlá wà mọ́. Ẹ̀rù wá bà á pé òun yóò tún yí i sódì. Ló bá fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lórí àga gígùn.

Ọmọ rẹ kò gbà á. Ó ní kò sí àmì kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo gba bébà ìbéèrè náà, mo gbé e lọ bá aránṣọ, nítorí òun ló mọ̀wé jù ní òpópónà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni àyè náà máa bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo ní kó ka òfin rẹ̀ fún mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: lo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi bí o ṣe rí i hàn. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ní àmì ni kí wọ́n fi hàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ayùn, kò sí i níbẹ̀.” Ẹni iyì nìyẹn. Mo padà lọ sọ fún ọmọ rẹ, ó ní òun yóò rò ó. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń fi orúkọ ránṣẹ́. Láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi kò jókòó lórí àga wa mọ́. Mo ju nọ́ńbà sí i lánàá, ó ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe nínú ilé.

Awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún mi ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la. Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mo ń bá jà. Kí àkọ́bí rẹ, kí èyí tó ń wa ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè mi.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Èmi kò lè pè é, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, n ó sọ ohun tí mi ò ní lè kó jọ mọ́. Ìwọ ni kó o pè é. Má bẹ̀ ẹ́ o, mi ò fẹ́ ojúrere, ọmọ mi kò tọrọ nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣáà sọ fún un pé kó mú ìwé ọmọ náà dání, kó ka ìdáhùn kẹwàá sókè sí ọ létí, kó má kánjú. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, ogún. Ogún lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́rin. Mẹ́rin dín nínú ọgọ́rin. Bó bá kà á tán, bi í pé iye wo ni wọ́n ní kí ọmọ náà mú jáde. Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá ṣì rí yíńkì pupa fà sí i lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ́kọ́ fà á sí ẹnu yẹn ná.

                                                  Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
                                                  Ayùn.